Èsì: Vape tó ń gbọ̀n tó sì ń jẹ bátìrì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè pé ṣé kẹ́ ẹ kúkú yọ mọ́tò tó ń gbọ̀n yẹn kúrò nínú vape (sìgá oníbátìrì) tẹ́ ẹ ń ṣe torí ó ń jẹ bátìrì. Ẹ má tíì yọ ọ́ o, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Ká ní iná 80 mA ni mọ́tò náà ń fà, tó bá gbọ̀n fún sẹ́kọ́ńdù 1 gbáko, 0.022 mAh ló jẹ yẹn nínú iná tó wà nínú bátìrì, àmọ́ tó bá jẹ́ 50 ms (ìdá kan nínú ogún sẹ́kọ́ńdù kan), bíi 0.001 mAh péré ni, ọwọ́ èèyàn á ṣì mọ̀ ọ́n lára. Coil, wáyà tó ń gbóná láti sọ omi vape di èéfín yẹn, gan-an ni ọ̀jẹun! Ẹ yẹ sleep (oorun tí ẹ̀rọ ń sùn tí kò bá ṣiṣẹ́) wò dáadáa, tí driver (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí mọ́tò) bá ń lajú sílẹ̀ tọ̀sántòru láì ṣe nǹkan kan, ìyẹn ló ń gbẹ bátìrì yín.

Tó bá jẹ́ ERM (mọ́tò tó ń yí irin tó wúwo lápá kan) lẹ lò, ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra, ó tún ń pẹ́ kó tó dúró. LRA (mọ́tò tí irin inú ẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn) yá jù ú lọ, iná tó ń jẹ náà kéré, ṣùgbọ́n AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) ló fẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ bá resonance ẹ̀ (iye ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, ìyẹn Hz, tó ti máa ń gbọ̀n jù) pàdé gẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá fi Hz díẹ̀ ṣìnà báyìí gbígbọ̀n ẹ̀ máa rọ ni, torí náà ẹ ra driver tó ń wá resonance fúnra ẹ̀. Ẹ lẹ mọ́tò náà mọ́ ara case kó le dan-in, ẹ má fi fóòmù sábẹ́ ẹ̀, èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, fóòmù gbé gbogbo ẹ̀ mì pátá 😂

Ẹ má sì jẹ́ kó gbọ̀n nígbà tí coil ń gbóná lọ́wọ́, volt bátìrì ti wálẹ̀ nígbà yẹn, ẹ dúró kẹ́ni tó ń fa vape náà fà á tán ná.