Èsì: Lísàbí àbí Gáà, èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò?

Bọ̀dá mi, ẹ béèrè pé nínú fíìmù Lísàbí àti ti Baṣọ̀run Gáà tó jáde lórí Netflix ní 2024, èwo ló dáa jù. Gáà ni tèmi o! Bí Femi Branch ṣe gbé Gáà yẹn, ojú ẹ̀ nìkan ti tó kẹ́rù ba èèyàn. Lateef Adédiméjì tó ṣe Lísàbí náà gbìyànjú gan-an, àmọ́ ìjà àti ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, wọn ò dúró tó lórí bí Lísàbí ṣe fi àáró, ìyẹn kí wọ́n máa bára wọn ṣiṣẹ́ oko, kó àwọn àgbẹ̀ jọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n ẹ̀ wà. Àwa ará Ifẹ̀ tá à ń rí ère Mọremí láàfin, irú fíìmù Gáà yẹn ló wù mí kí wọ́n ṣe fún Mọremí náà. Ẹ kọ́kọ́ wo Gáà jàre.