Kí Ni Wọ́n Yọ Lára Jíìpù Yín?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú àpò lóṣù yìí, jíìpù kékeré tó ti pẹ́ sì ni gbogbo wọn ń sọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ dúró sẹ́bàá títì ní Ìjẹ̀bú Òde tàbí Ṣàgámù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ka CR-V àti RAV4 ọdún 2001 sí 2006 tó bá kọjá, yóò sú yín. Bí wọ́n bá gbé irú wọn dé ìsọ̀ mi, kì í ṣe ohun tó bàjẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí wọ́n ti yọ kúrò ni.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. CR-V 2003 ni mo ń wà, òun ni mo fi ń kó ẹ̀wà àti ìrẹsì láti Òkè-Ajé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú Igbó. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Bí mo bá rọ ọ́ kún, kò lè kọjá 220 lójú aago rẹ̀ kó tó gbẹ. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti pààrọ̀ fílítà, pàbó ló já sí. Òun náà ló yọ tẹ́mósítáàtì, irin kékeré tó wà lójú ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ọkọ̀ gbóná lọ́dún tó kọjá, ó ní àwọn òyìnbó tí òtútù ń pa ló nílò rẹ̀. Ṣé kí n kúkú tà á? – Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú Igbó.*

Ìyá Ìbejì, ẹ má tà á. Ẹ ti dá ara yín lóhùn, ẹ kàn sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn náà kọjá ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Sábó, ní Ṣàgámù, garawa kan wà lábẹ́ tábìlì ọ̀gá mi, tẹ́mósítáàtì tí a yọ lára ọkọ̀ oníbàárà ló kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ gbóná? Yọ ọ́. A ò bèèrè ìdí. Àwa ọmọṣẹ́ tiẹ̀ máa ń mú wọn tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo dá dúró, mo ṣì ń yọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkòkò ìyàwó mi ló wá là mí lójú.

Mo so okùn mọ́ tẹ́mósítáàtì tuntun kan lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rì í sínú omi lórí sítóòfù. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò mira. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í rú, kò mira. Nígbà tí omi ń ta hóró-hóró létí ìkòkò, tí kò tíì hó, irin àárín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń lajú lójú oorun, títí àlàfo rẹ̀ fi tó ìbú ìka ọmọdé. Mo fà á jáde sórí àwo, ó tún rọra padé. Mo rì í padà, ó tún ṣí. Ìyàwó mi ní ṣé ohun tí a ó fi jẹ ẹ̀bà lálẹ́ yẹn nìyẹn.

Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni mo rí yẹn. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ọkọ̀, á ti ilẹ̀kùn pa, kí omi máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì nìkan kó lè tètè gbóná. Bí omi náà bá ti tó bíi 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á ṣílẹ̀kùn kó lè gba inú rédíétọ̀ lọ tutù. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti yọ ilẹ̀kùn ilé. Omi ń lọ sí rédíétọ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì ò sì gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá yọ ọ́, omi á ya gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, kò ní dé rédíétọ̀ dáadáa, ohun tí ẹ ń sá fún á tún bá yín.

Nígbà tí ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ rántí pé mo ki nǹkan kan bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò yẹn. Ìjẹ̀bú Igbó lẹ ti wakọ̀ dé, ẹ ò tíì pa á, síbẹ̀ 64 ni omi ẹ́ńjìnnì wà. Lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ó sì ń da epo sí i bí ìgbà tí a máa ń fa ṣóòkù láyé ọjọ́un kí ẹ́ńjìnnì tútù lè jí. Èyí tí kò jó níbẹ̀ ń ṣẹ́ lọ bá ọ́ìlì. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo gbé e sí imú yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé bẹntiróòlù ló ń rùn. Ọ́ìlì yẹn ò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ti òtútù òyìnbó tí wọ́n sọ fún yín: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti dé Dubai bóyá òtútù wà níbẹ̀. Tẹ́mósítáàtì wà nínú ọkọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n kò ní dáa kí n di gbogbo ẹrù lé e lórí. 220 tí ẹ ń rí yẹn, máìlì ni, torí ti Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ yín. Ó jẹ́ bíi 354 kìlómítà. Táǹkì yín ń gba nǹkan bíi lítà 58, ó sì yẹ kó gbé yín súnmọ́ 500. Tẹ́mósítáàtì nìkan ò lè jẹ gbogbo ìyẹn. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án: mẹ́ta lọ́ wọ́ọ́rọ́, tiwájú lápá ọ̀tún ń jó bí ààrò. Kálípà rẹ̀, irin tó ń fún bíréèkì mọ́ wíìlì, ti há, kò tú sílẹ̀ mọ́. Láti oṣù wo lẹ ti ń wakọ̀ pẹ̀lú bíréèkì lẹ́sẹ̀!

Kí ló wá mú un gbóná nígbà àkọ́kọ́? Fáànù méjì ló wà níwájú ọkọ̀ yín. Mo tan éèsì, ó yẹ kí méjèèjì yí, ọ̀kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ tó bá ti dé ojú márosẹ̀, fáànù ni kí ẹ bi. Èyí tó jẹ́ pé orí márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin gan-an ló ti ń gbóná, rédíétọ̀ ti dí, tàbí omi ò tó, tàbí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀. Mẹkáníìkì yín ò bi èyíkéyìí, ó kàn na sípánà.

Fáànù tuntun, tẹ́mósítáàtì tuntun, kálípà, ọ́ìlì. Kúláǹtì náà ni kí ẹ rọ, ìdajì rẹ̀ àti ìdajì omi tó mọ́. Omi kànga àti bóòhóòlù ló sọ inú rédíétọ̀ yín di ìpẹtà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Mo ti rí ojú tó bó.

*Ẹ n lẹ́ sà. Mo fẹ́ ra RAV4 lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ṣàgámù. Ó ní 2004 ni, ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ timing belt rẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlíṣàn.*

Àbúrò, timing belt ni bẹ́líìtì tó ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀, ṣùgbọ́n ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù RAV4 ìgbà yẹn ń lò dípò rẹ̀. Kò ní belt tí ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀. Bóyá mẹkáníìkì rẹ̀ ló gba owó ohun tí kò ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ ni o, bóyá òun ló ń purọ́ fún ọ, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n máa fura.

Wo gíláàsì iwájú nísàlẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 wà níbẹ̀. Ka a dé ìkẹwàá: bó bá jẹ́ 4, 2004 ni, bó bá jẹ́ 2, ọkùnrin yẹn ti fi ọdún méjì bu ọjọ́ orí ọkọ̀ kù. Má sọ ìgbà tí ó ń bọ̀ fún un, kí o dé ní kùtùkùtù. Gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè ọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá tutù ló ń sọ òótọ́.

Yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, má tíì ta á. Gbogbo iná ìkìlọ̀ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tàn, pàápàá èyí tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, kó sì kú lẹ́yìn tí o bá ta á. Èyí tí kò tàn rárá ni kó bà ọ́ lẹ́rù jù. Réwáyà kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ojú oníbàárà lè mọ́. Ṣí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì: bí o bá rí ohun tó funfun bí ògì lábẹ́ ìdérí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà, wà á títí ara rẹ̀ á fi gbóná, lọ dé Ìkẹ́nnẹ́ kí o padà, kí o fetí sí gíà. Wọ́n mọ àwọn kan lára èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín 2001 sí 2003 mọ́ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tó ń bàjẹ́, tó ń mú kí gíà máa ta ènìyàn nípàá. Àwọn tí kò mọ̀ ti sọ gíà tó dára nù lórí rẹ̀.

Táyà ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé DOT lára rẹ̀: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Kó máa dán ò sọ ọ́ di tuntun. Ẹni tó ń tà á lè ti fi ohun dúdú pa á lára láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

*Ọmọ mi, CR-V 2005 tèmi máa ń kùn lẹ́yìn bí mo bá ń yí i nínú ọgbà, bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde ńlẹ̀. Lójú ọ̀nà tó gún, kò sí ariwo. Mẹkáníìkì ní kí a yọ ṣáfùtì tó lọ sẹ́yìn kúrò, pé iwájú nìkan ti tó mi. – Ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìpẹru.*

Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi ṣáfùtì sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Àwọn awo pẹlẹbẹ kan wà nínú dífà ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ìyẹn àpótí irin tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì; àwọn ló ń pinnu ìgbà tí táyà ẹ̀yìn á ran tiwájú lọ́wọ́. Inú ọ́ìlì ni wọ́n wà. Bí ọ́ìlì náà bá ti gbó, àwọn awo á máa gbá ara wọn mú nígbà tí ẹ bá yíwọ́ gan-an, ìkùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Bíi lítà kan péré ló ń gbà, orúkọ rẹ̀ ni Dual Pump Fluid. Kó má fi ọ́ìlì gíà 90 dípò rẹ̀, bó ti wù kó búra tó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì í ṣe: kó kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì òkè, èyí tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sí i, kó tó tú tìsàlẹ̀. Mo mọ ẹnìkan tó da ọ́ìlì nù tán pátápátá kó tó rí i pé tòkè ti dípẹtà, kò tú. Ọkọ̀ sùn sí ìsọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni ẹni náà.

Bó bá rọ ọ́ tán, kí ẹ máa yí i po nínú ọgbà lápá ọ̀tún àti lápá òsì fún ìgbà díẹ̀. Bí ìkùn náà kò bá lọ tán, ẹ tún ọ́ìlì náà pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ oríṣi kan náà, Bàbá, torí méjì tuntun níwájú àti méjì tó ti jẹ tán lẹ́yìn, iṣẹ́ àṣekú ni fún dífà yẹn.

*A fẹ́ kí ọkọ̀ wa dán fún Òjúde Ọba, ni mo bá ní kí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fi ẹ̀rọ fọ ẹ́ńjìnnì RAV4 mi. Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ̀n, iná ẹ́ńjìnnì sì ń ṣẹ́jú. Regbẹ́regbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. – Ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkó.*

Omi ti wọ ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ má wà á bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jó ń lọ sun inú sàlẹ́ńsà. Nọ́ọ̀tì nọ́ńbà 10 ẹyọ kan ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, mú lórí ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí fọkanáísà fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò wọn kí wọ́n tó tú púlọ́ọ̀gì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á ṣàn wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ sá kọ́ìlì sóòrùn fún ìdajì ọjọ́ kí ẹ tó dá wọn padà. Èyí tó bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn náà, kọ́ìlì ẹyọ kan ló kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta mẹ́rin fún yín.

Lọ́dún tó ń bọ̀, aṣọ tútù àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ní Òjúde Ọba.