Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe yín léèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó sanwó àgbàlá yín ní Phoenix

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ ó fi ara rere gbé e. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín yé nìyí: ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, Amẹ́ríkà, àgbàlá yín kò ju ilẹ̀ gbígbẹ àti eruku lọ, agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ti wá wò ó, iye tí wọ́n pè sì yàtọ̀ síra gan-an. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù fẹ́ kí ẹ kó ìdajì lé òun lọ́wọ́ ní káàṣì, kí òun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé kí ẹ gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ó ti di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé àgbègbè yìí, irú ọkùnrin yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Oṣù Júùnù ló wá. Dọ́là 4,200 ló gbà, nígbà tí àwọn méjì yòókù ń pe 7,000 sókè, mo sì rò pé àánú Ọlọ́run ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣe é tán. Ó gbin igi mesquite kan síwájú ilé, ó gbin igi palo verde méjì sẹ́yìn, ó gbin igi kéékèèké 11 káàkiri, ó tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí ilẹ̀, ó wá da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó. Ó dára lójú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi, inú àwa méjèèjì dùn.

Kí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí, 6 nínú igi kéékèèké yẹn ti gbẹ. Mo bá fi kún omi. Ewé àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Mesquite nìkan ló ń dàgbà wàràwàrà, mo sì ń yọ̀ sí i, láìmọ̀ pé orí rẹ̀ ti wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Ní ọdún kejì, ìjì monsoon kan, ìjì òjò àsìkò ooru níbí, jà ní alẹ́ oṣù Júláì. Ìró kan ni mo gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo jáde, igi náà ti gbé orí lé ògiri aládùúgbò mi.

Mo lọ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ síta pátápátá, ó rí róbótó bí ìsàlẹ̀ garawa, ó lọ́ mọ́ra yípo bí ìgbà tí ènìyàn bá hun agbọ̀n. Kò sí ẹyọ kan tó na ara rẹ̀ síta. Páìpù tín-ín-rín kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo tó ń kán omi sí ẹ̀gbẹ́ ìdí igi gan-an. Mo ki ọwọ́ bọ inú ihò náà, omi ni mo bá, ó ń rùn bí omi àmù tí wọn kò dà nù fún oṣù kan. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà funfun, ó le bí kọnkéré, ojú dígà ṣì hàn lára rẹ̀. Inú ìkòkò ni ọkùnrin yẹn gbin igi mi sí, kì í ṣe inú ilẹ̀.

Ohun funfun yẹn ni àwọn ará ibí ń pè ní caliche. Èròjà kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ló lẹ iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta mọ́ra wọn títí ó fi di àpáta. Omi kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò kì í lu ú. Ní Phoenix yìí, ó lè wà lábẹ́ igun kan àgbàlá yín kó má sì sí ní igun kejì. Ẹni tí kò bá wá a kàn kí ó tó dá iye lé iṣẹ́, kò tíì mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Mo gbìyànjú láti pe ọkùnrin náà. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Arizona Registrar of Contractors, pé ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ agbaṣẹ́ṣe lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Òfin Arizona ni pé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá tó dọ́là 1,000, tí ẹ bá ro owó ọwọ́ àti owó ẹrù pọ̀, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ló gbọdọ̀ ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pín iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí ìdá kọ̀ọ̀kan má bàa tó iye yẹn. Owó ìrànwọ́ kan wà tí ilé iṣẹ́ náà fi ń gbé onílé dìde tí agbaṣẹ́ṣe bá ba ilé rẹ̀ jẹ́, ó lè dé dọ́là 30,000, ẹ sì ní ọdún méjì láti gbé ẹjọ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo ẹni tó ní láísẹ́ǹsì nìkan ló lè jàǹfààní rẹ̀. Kò kàn mí. Owó mi wọgbó.

Ẹ má kàn gba nọ́ńbà láísẹ́ǹsì lẹ́nu ènìyàn kí ẹ sì gbà á gbọ́. Ẹnì kan fún mi ní nọ́ńbà nígbà tí mo ń wá ẹlòmíràn, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì, ó wà lóòótọ́, àmọ́ ti ẹni tó ń kun ilé ni. Ẹ rí i pé orúkọ tó wà lórí ìkànnì ni orúkọ tó wà lórí ìwé àdéhùn, pé láísẹ́ǹsì náà ṣì ń ṣiṣẹ́, pé iṣẹ́ àgbàlá àti omi ni wọ́n fún un láti ṣe.

Ẹni kejì tí mo wá gbé iṣẹ́ fún, baba kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni. Mo fẹ́ fi àwòrán àwọn àgbàlá tó wù mí hàn án lórí fóònù, kò wò ó. Ó ní kí n fún òun ní omi garawa mẹ́ta. Ó gbé dígà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbẹ́ ihò ní ojú ibi mẹ́ta. Ní ibì kan dígà náà ń ta padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dún kan-kan-kan. Ó rọ omi kún àwọn ihò náà, ó ki igi ìwọ̀n bọ̀ wọ́n, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn wákàtí 4. Nígbà tó dé, omi ihò kan ti gbẹ tán, ìkejì ti fà ju ínṣì 6 lọ, ìkẹta kò fà tó ínṣì 1. Ohun tí àwọn ará Yunifásítì Arizona náà ń kọ́ àwọn onílé nìyẹn: tí omi kò bá fà tó ínṣì 4 láàárín wákàtí 4, ìṣòro wà nísàlẹ̀. Ó ní ibi tí mo fẹ́ kí igi wà gan-an ni ibi tó le yẹn. Ó sún un síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré. Igi náà ṣì dúró síbẹ̀ di òní, ó ń ṣíji bo fèrèsé yàrá mi ní ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń jó wa tẹ́lẹ̀.

Dọ́là 6,800 ni baba yìí gbà. Kò sí ohun tí mo san tí n kò rí.

Omi ni ẹ máa tẹnu mọ́ jù, torí òun ló máa pa igi yín tàbí kó gbà wọ́n là. Ẹ béèrè pé fálífù mélòó, ohun tó ń ṣí omi tó sì ń tì í, ló fẹ́ ri. Tó bá ní ẹyọ kan fún gbogbo rẹ̀, ẹ má lò ó. Igi ńlá, igi kéékèèké àti ọrọ́ kì í mu omi bákan náà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbí rọrùn: tí ẹ bá bomi rin ọrọ́ àti òdòdó kéékèèké, kó wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, igi kéékèèké, ẹsẹ̀ bàtà 2, igi ńlá, ẹsẹ̀ bàtà 3. Lẹ́yìn náà ni kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Ẹ̀ẹ̀kan tó pọ̀ tó jìnnà sàn ju díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, nítorí díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò dúró sókè, bíi ti mesquite mi. Mo ní irin gígùn kan tí mo fi ń wò ó: ibi tí omi dé, irin á wọlẹ̀ wẹ́rẹ́, ibi tó gbẹ, á kọ̀. Ẹ sì bi í bóyá ó máa fi ohun tó ń dín agbára omi kù àti asẹ́ sí ẹnu páìpù. Agbára omi ilé pọ̀ jù fún páìpù tín-ín-rín yẹn. Tí kò bá sí i, àwọn oríkèé rẹ̀ á máa fò yọ lábẹ́ òkúta, ẹ kò ní mọ̀ títí owó omi á fi dé.

Ìsanwó wá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pín ti baba yẹn sí, a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Díẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn nígbà tí páìpù ti wà nínú kòtò tí wọn kò tíì bò ó, tí mo rí omi tó ń kán ní ojú kọ̀ọ̀kan. Èyí ṣe pàtàkì: kò gbọdọ̀ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí ẹ tó rí i. Òmíràn nígbà tó gbin nǹkan tán. Èyí tó kù di lẹ́yìn ọjọ́ 30. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i.

Kí orúkọ igi kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé náà pẹ̀lú. Tèmi àkọ́kọ́ kàn sọ pé igi kéékèèké 11. Àwọn tí kò lè fara da oòrùn tó ń ta padà lára òkúta ló kó wá. Ẹ kò nílò láti ra igi tó tóbi. Èyí tó kéré ń tètè mú ilẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ́gba. Ihò rẹ̀ gbọdọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta gbòǹgbò rẹ̀, kó má sì jìn ju gbòǹgbò náà lọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ ọ̀rá lábẹ́ òkúta, ó ń sé ilẹ̀ mọ́ omi àti afẹ́fẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà tó ga ní ínṣì 2 ti tó.

Tó bá jẹ́ saguaro ni ọkàn yín fà sí, ọrọ́ ńlá tó ń dúró bí ènìyàn tó na ọwọ́ sókè, ẹ béèrè ìwé àti àmì rẹ̀. Òfin ń dáàbò bò ó ní Arizona, èyí tí wọ́n bá hú nínú aṣálẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹrù olè ni. Kí wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí gúúsù tẹ́lẹ̀ kọjú sí gúúsù padà, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò mọ̀ rí máa ń jó.

Kí dígà tó kan ilẹ̀, kí wọ́n pe 811, nọ́ńbà tí ènìyàn ń pè kí wọ́n lè wá fi ibi tí wáyà àti páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀ hàn, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 2 ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì sílẹ̀, pupa fún iná, àwọ̀ yẹ́lò fún gáàsì, búlúù fún omi. Ṣùgbọ́n wọn kì í sàmì sí páìpù tó jẹ́ tiyín láti mítà wọlé. Tí ẹ bá wà lábẹ́ ẹgbẹ́ onílé, ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn ní kíkọ. Kí ẹ sì fi nǹkan bo imú lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ wà nínú ilé: nǹkan kan wà nínú eruku ilẹ̀ yìí tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, valley fever ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Ẹ ní ọjọ́ Mọ́ńdè ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oṣù Méè la wà yìí. Ní ọdún 2023, láti ọjọ́ 30 oṣù Júùnù dé ọjọ́ 30 oṣù Júláì, ọjọ́ 31 léraléra ni ooru Phoenix fi dé 110 ní Fahrenheit tàbí kọjá bẹ́ẹ̀. Saguaro pàápàá wó lulẹ̀ lọ́dún náà. Ta ló máa gbé igi tuntun sínú irú ooru bẹ́ẹ̀? Baba yẹn kọ̀ jálẹ̀ láti gbin ohunkóhun fún mi kí oṣù Ọkitóbà tó wọlé. Páìpù àti títẹ́ ilẹ̀ kí omi òjò má ṣàn wá sí ìdí ilé nìkan ló kọ́kọ́ ṣe.

Àyè wà nígbà náà. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹni kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ́kọ́ pe 811. Tí wọ́n bá ti sàmì tán, ẹ yá dígà láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 níbi tí ẹ fẹ́ kí igi wà, ẹ rọ omi kún un, ẹ fi wákàtí 4 sí i, kí ẹ wá sọ fún mi iye ínṣì tó fà.