Èlé owó fíìsì: ti ọdún kan ni iye tí báǹkì ń pè

Ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń ta aṣọ ní Kubwa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè pé bí ẹ bá fi mílíọ̀nù kan náírà sí fíìsì, ìyẹn owó tí a fi sí báǹkì fún iye ọjọ́ kan pàtó kí ó lè mú èlé wá, fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, tí báǹkì sì pe èlé rẹ̀ ní ìdá 12 nínú 100, ṣé ₦120,000 ni ẹ ó gbà. Rárá o. Ibi tí èmi náà ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyẹn, nítorí mo ti ṣèlérí owó páànù fún káfíńtà tí ó ń kọ́lé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó rí alẹ́ẹ̀tì.

Ìdá 12 yẹn, ti ọdún kan gbáko ni. Iye ọjọ́ tí owó bá lò lọ́dọ̀ wọn nìkan ni wọn yóò sì san èlé lé lórí. Ẹ mú ₦120,000 ti ọdún náà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 90, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 365: ₦29,589 ni yóò jẹ́. Nínú èlé yìí ni wọ́n tún ti yọ ìdá mẹ́wàá fún owó orí ìjọba nígbà tèmi, wọn kò fọwọ́ kan ojú owó, ìyẹn owó tí a fi síbẹ̀ gan-an, ó wá ku ₦26,630.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti fọ́ọ̀mù. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí ọjọ́ bá pé: ṣé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún yín, ṣé kí ojú owó nìkan padà sí fíìsì, tàbí kí òun àti èlé jọ padà. Mo fàmì sí èkejì láìkà á. Odidi ọdún kan ni èlé mi fi ń bọ́ sínú àkáǹtì tí mo fi ń ra epo àti ata, n kò sì rí ohun tí mo fi ṣe. Bí mo bá ti ní kí wọ́n pa á pọ̀ ni, ₦1,026,630 ni ìbá bẹ̀rẹ̀ sáà kejì, èlé rẹ̀ ìbá sì tó ₦30,377 kí wọ́n tó yọ owó orí. Ó dà bí owó kékeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni èlé ti ń bí èlé.

Lọ́dún kejì, mo fi owó sílẹ̀ fún 180 ọjọ́. Nígbà tí ó ku ọjọ́ 11 péré kí ó pé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ní Zaria dé, mo sì lọ já a. Èlé tí mo ti ń kà sọ́kàn láti oṣù márùn-ún ó lé, díẹ̀ ni wọ́n fún mi nínú rẹ̀. Ìyà tí wọ́n ń fi jẹ ẹni tí ó bá já owó kí ọjọ́ tó pé yàtọ̀ láti báǹkì sí báǹkì, nítorí náà ẹ béèrè rẹ̀ ṣáájú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín tèmi sí méjì, apá kan fún ọgbọ̀n ọjọ́, èkejì fún àádọ́rùn-ún.

Ní ti ààbò, láti ọdún 2024 ni NDIC, àjọ ìjọba tí ó ń san owó fún oníbàárà bí báǹkì bá wọlẹ̀, ti ń dúró fún owó oníbàárà títí dé ₦5,000,000 ní báǹkì ńlá, àti ₦2,000,000 ní báǹkì kékeré tí à ń pè ní máíkírófáínáǹsì. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ báǹkì kọ iye náírà tí yóò wọ ọwọ́ yín lọ́jọ́ tí ó bá pé, lẹ́yìn owó orí, kì í ṣe ìdá nìkan.