Ṣé vacuum cleaner (ẹ̀rọ tó ń fa eruku nílẹ̀) àtijọ́ tó ń dúró gbọọrọ yẹn ṣì dáa láti rà ní tòkunbọ̀?

Tó bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló kún ilé yín, ó dáa gan-an o. Irin ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ nínú wọn, búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ̀ á gbọn kápẹ́ẹ̀tì títí yanrìn tó ti wọnú ẹ̀ á fi jáde, irú ẹ̀ tó ń gbọn nǹkan báyìí, láti 1926 ni iléeṣẹ́ Hoover ti ń ṣe é, tó bá sì bàjẹ́ ó ṣeé tú, bẹ́líìtì ló sábà máa ń já. Àmọ́ ní Ìkòròdú níbí ilé táìsì ló pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì yẹn á kàn máa fọ́n yanrìn káàkiri ni. Ó tún wúwo, ó ń pariwo, àpò aṣọ ẹ̀ sì máa ń tú eruku kíkúnná padà síta, kò dáa fún ẹni tó ní asthma rárá. Ẹ wo iná tí wọ́n kọ sí i lára dáadáa: ti Amẹ́ríkà, 120 volt ni, tiwa 230, tẹ́ ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, ó jó nìyẹn, transformer tó máa dín iná kù sí 120 fún un, tó sì máa lè gbé e, owó nìyẹn náà. Wáyà ẹ̀ tó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tàn án.