Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Lomé, màmá mi ní mi ò lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí ní Àgbádárìgì. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lomé, olú ìlú Tógò, tí wọ́n ti ń fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ti kọ̀wé pè mí, wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé. Tí mo bá ṣẹ́ séfà tí wọ́n fẹ́ máa san sí náírà, ó fi iye tí mò ń gbà níbí sílẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n màmá mi ń ta ẹja ní ọjà Àgbálátà, wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà wọn tó ń ti Kútọnu wá pé wọ́n ń yìnbọn ní Lomé. Wọ́n ní àyàfi tí àwọn bá kú kí n tó lọ. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́? Báwo ni olùkọ́ tó jẹ́ àlejò ṣe ń ṣe é níbẹ̀ bí ìlú bá dàrú?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bá mi kí màmá rẹ dáadáa. Wọn ò parọ́. Ọdún 2024 ni Tógò yí òfin ìpìlẹ̀ wọn padà. Ní oṣù Karùn-ún 2025, Faure Gnassingbé kúrò nípò ààrẹ, ó bọ́ sí ipò olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó agbára lọ báyìí, láìsí gbèdéke sáà. Àwọn ọ̀dọ́ yarí. Nígbà tí oṣù Kẹfà ń parí lọ, wọ́n dáná sun táyà, wọ́n dí títì, àwọn agbófinró kọlù wọ́n, èèyàn kú, wọ́n sì rí òkú nínú ọ̀sà. Ní 2017 náà ìwọ́de gba ìlú kan, ìjọba sì gé íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó le jù ni ti 2005, lẹ́yìn tí Eyadéma, bàbá Faure, kú lórí oyè: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò àwọn tó kú sí 400 sí 500, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sá gba Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà lọ.

Síbẹ̀, èmi ní kí o lọ, bí ìwé iṣẹ́ rẹ bá ṣe déédéé. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ mi ni pé mò ń bá àwọn olùkọ́ tó fẹ́ lọ sí àwọn ìlú tó ń sọ Faransé yẹ ìwé wọn wò. Nínú àwọn tó ké pè mí nígbà wàhálà, kò tíì sí ẹni tí ọta ìbọn bà. Ohun tí wọ́n ń sunkún lé lórí ni owó oṣù tí kò wọlé, tàbí ìwé tí wọn ò ní lọ́wọ́ nígbà tí ṣọ́jà dá wọn dúró. Àwọn nǹkan méjì yìí, Àgbádárìgì níbí lo ti máa tún wọn ṣe, kí o tó gbé ẹsẹ̀.

Mú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o wo ibi tí wọ́n kọ ipò rẹ sí. Ṣé «permanent» ló wà níbẹ̀ ni, àbí «vacataire»? Vacataire ni olùkọ́ tí wọ́n ń sanwó wákàtí fún. Wákàtí tí o bá wọ kíláàsì ni wọ́n ń kà, òun náà ni wọ́n ń san. Iye tí wọ́n máa ń dá lé wákàtí kan máa ń dùn ún gbọ́, pàápàá tí èèyàn bá fi ìsirò gbé e sórí oṣù kan tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Tí ìwọ́de bá wá ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Wákàtí ò sí, owó ò sí. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, bákan náà. Ọmọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan tó ń kọ́ni níbẹ̀ fi àwòrán ìwé owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà kan. Orúkọ rẹ̀ wà lókè, òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà nísàlẹ̀, ohun gbogbo wà níbi tó yẹ kó wà. Ìlà kan báyìí ni wọ́n kọ «heures effectuées» sí, ìyẹn wákàtí tó ṣe. Òdo ni wọ́n tẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, nítorí ohun tó buwọ́ lù nìyẹn.

Nítorí náà kọ̀wé padà sí wọn, kí o ní kí wọ́n fi gbólóhùn yìí sínú àdéhùn: «Le salaire mensuel est maintenu en cas de fermeture de l'établissement pour troubles publics.» Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí rògbòdìyàn bá ti ilé ẹ̀kọ́ pa, owó oṣù rẹ kò ní dúró. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n máa fi orúkọ rẹ sílẹ̀ ní CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àti ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ ní Tógò, kí o sì béèrè ta ló máa gbé ìwé rẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ àlejò. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ní «wá ná, tí o bá dé a máa ṣe é», fura sí i.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà wá kàn, ibẹ̀ ni àwa ará Àgbádárìgì ti máa ń ṣe bí ẹni pé ilé wa ni gbogbo ibẹ̀. A mọ àwọn tó wà ní ibodè Sèmè, àwọn náà mọ̀ wá. À ń gun ọ̀kadà kọjá, à ń na owó kékeré sí wọn, a ti dé Kraké ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ láìsí pásípọ́ọ̀tù. Fún ẹni tó fẹ́ lọ ra aṣọ kó padà ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn lè lọ. Fún olùkọ́ tó fẹ́ gbé níbẹ̀, kò lọ rárá. Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ní Sèmè, kí wọ́n lù ú nígbà tí o bá ń wọ Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n tún lù ú ní Hillacondji tí o bá ń wọ Tógò. Òfin ECOWAS fún ọ ní 90 ọjọ́ láìgba físà, láti ọjọ́ òǹtẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń kà á. Kí 90 ọjọ́ yẹn tó pé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá «carte de séjour», ìwé ìgbélùú wọn.

Àwa gan-an ti fi ojú rí ohun tí ìwé yìí ń ṣe nígbà tí ìlú bá gbóná. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó wà nínú àwọn ará Gánà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà. Títì Àgbádárìgì yìí ni wọ́n gbà: ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ, àwọn kan ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, báàgì alápótí-àpótí tí a wá ń pè ní Ghana-Must-Go wà lórí gbogbo èèyàn. Olùkọ́ ìsirò tiwa ní ìwé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ó bá wọn lọ, ó sì fi ìwé ìdánwò wa tí kò tíì máàkì tán sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn bàbá wa tó ń ṣòwò ní Gánà náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1969, nígbà ìjọba Busia. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà ọ́. Mo sọ ọ́ kí o má baà rò pé aládùúgbò ni wá, wọn ò lè bi wá ní ìwé.

Ṣé o gbọ́ èdè Ògù? Bí o bá gbọ́ ọ, inú mi dùn, nítorí Ògù, Mina àti Ewé tí wọ́n ń sọ ní Lomé, ẹbí kan náà ni wọ́n. Láàárín oṣù díẹ̀ wàá ti máa náwó ọjà bí ọmọ onílẹ̀. Àmọ́ ó ní ibi tó kù sí: ní ọjọ́ ìjà, ṣọ́jà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ máa kà ọ́ mọ́ àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ń wá láti mú. Máa mú fótókọ́pì pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ilé ẹ̀kọ́ dání nígbà gbogbo, kí ojúlówó wà nílé. Faransé náà ńkọ́? Má dúró dìgbà tí o bá dé ọ̀hún. Abúlé Èdè Faransé wà ní Àjárá nínú ìlú wa níbí láti 1991, àwọn ọmọ yunifásítì káàkiri Nàìjíríà ló ń wá síbẹ̀. Lọ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ tí o lè ṣe kí o tó lọ. Ẹni tó bá lè fi Faransé sọ pé «olùkọ́ ni mí, ilé ẹ̀kọ́ mi nìyí», tí ara rẹ̀ balẹ̀, kì í pẹ́ lójú ọ̀nà.

Nísinsìnyí, ọjọ́ wàhálà fúnra rẹ̀. Kì í sábà dé lójijì. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Assigamé, ọjà ńlá wọn, ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀; tí o bá rí i pé wọ́n ń pálẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó kanrí, tí zémidjan, ọ̀kadà tiwọn, ṣọ̀wọ́n, tí àwọn òbí ń wá mú ọmọ wọn kí iléèwé tó jáde, má lọ wádìí ìdí rẹ̀ níta. Dúró ti àwọn ọmọ títí a ó fi wá mú ẹni tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Nítorí bí ọ̀kadà ṣe ń pòórá yìí ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n gba ilé sí ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Àdúgbò Bè kún fún èèyàn rere, owó ilé ibẹ̀ sì lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn alátakò ìjọba ti lágbára jù, ibẹ̀ náà ni tajútajú ti máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àlejò tuntun, kó wá ibòmíràn.

Fóònù rẹ, fi í sí àpò. Ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n mú akọ̀ròyìn kan tó ń bá tẹlifíṣọ̀n TV5 Monde ṣiṣẹ́ níbi tó ti ń ya ìwọ́de, wọ́n sì ní kó pa ohun tó yà rẹ́. Wọ́n tún ti RFI àti France 24, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ Faransé, pa fún oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún akọ̀ròyìn tó ní ìwé àṣẹ, kí ni wọ́n máa ṣe fún tíṣà ará Nàìjíríà tó ń ya fídíò láti ojú fèrèsé? Ẹnu rẹ náà ńkọ́. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, àwọn kan máa bú Faure, àwọn kan máa gbè é, wọ́n á sì yíjú sí ọ pé kí ni ìwọ rò. Àlejò ni ọ́. Sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́, torí ará Èkó kì í mọ bí a ṣe ń dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kò gbà ọ́ síṣẹ́ láti bá wọn tún ìlú ṣe. Gúrúùpù WhatsApp àwọn olùkọ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Owó: máa fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pamọ́ sínú ilé ní séfà. Flooz àti Mixx, owó orí fóònù tiwọn, dára lọ́jọ́ tí ara ìlú bá le, ṣùgbọ́n ní Abidjan ní Ivory Coast, nígbà wàhálà oṣù Kejì 2011, àwọn báńkì ńlá ńlá kàn ti ìlẹ̀kùn ni, àwọn tó ní owó nínú àkáǹtì sì ń yá owó búrẹ́dì. Gààrì, omi nínú kẹ́ẹ̀gì, gáàsì tí kò tíì tán. Ìyẹn tó.

Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá ní ẹ̀ka ní ìhà àríwá, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn lè gbé ọ lọ sí Dapaong tàbí ibikíbi ní agbègbè Savanes, kọ̀ ọ́. Àwọn agbébọn ti ń kọlù ibẹ̀ láti 2021. Ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwọ́de.

Ọ̀nà àbájáde méjì ni Lomé ní. Ìgboro fi ara kan Gánà, ẹni tó wà ní Kodjoviakopé lè fẹsẹ̀ rìn dé ibodè Aflao. Èkejì ni Hillacondji, tó gba Bẹ̀nẹ̀ wá sílé. Mọ méjèèjì, torí kò sí èyí tí a lè fọkàn tán pátápátá. Ìwọ náà wà níbí nígbà tí Nàìjíríà ti Sèmè láti oṣù Kẹjọ 2019 títí dé oṣù Kejìlá 2020. Gánà ti Aflao ní 2020, oṣù Kẹta 2022 ló tó ṣí i. Ní oṣù Kejìlá 2025 àwọn ṣọ́jà kan gbìyànjú láti gbàjọba ní Kútọnu, ojú ọ̀nà rẹ gan-an. Fi orúkọ rẹ sílẹ̀ ní ẹ́ńbásì Nàìjíríà tó wà ní Lomé lọ́sẹ̀ tí o bá dé, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ara lé ìgbàlà wọn. Ogun Sudan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin 2023. Oṣù Karùn-ún ni bàálù àkọ́kọ́ tó gbé àwọn ọmọ wa dé Àbújá, lẹ́yìn tí wọ́n ti há sí ibodè Íjíbítì.

Ó wá ku màmá rẹ. Má bá wọn jiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ wa ní Èkó níbí, láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS tí a wà nínú kónílé-ó-gbélé, ó dájú pé àwọn ìyá tiwọn náà kò sùn. Béèrè lọ́wọ́ tíṣà Faransé ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ó bá màmá sọ̀rọ̀. Kí ẹ wá fi ìpè kan sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìpè gidi, kì í ṣe ti WhatsApp, torí bí wọ́n bá gé íntánẹ́ẹ̀tì, WhatsApp máa dákẹ́, màmá á sì rò pé o ti kú. Nígbà tí ẹ bá wà ní ìsinmi, mú wọn dání lọ wo Lomé kí o tó buwọ́ lù ohunkóhun. Ẹ jọ wo ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ jọ wo ilé tí o fẹ́ gbà, kí wọ́n sì gba nọ́ńbà ìyá onílé fúnra wọn. Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ Ògù ara wọn, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa sọ̀rọ̀ ẹja.