Èsì: Kí ló dé tí àyẹ̀wò fi ń di ẹ̀ẹ̀mejì?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló dé tí wọ́n fi ń yẹ ilé ìtọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì wò lẹ́ẹ̀mejì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gá méjì ló ń ṣọ́ ọ. VA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì, ló ń sanwó ojoojúmọ́ lórí àwọn sójà ibẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ibẹ̀ wò lọ́dọọdún. Bí ilé náà bá tún ń gbowó Medicare tàbí Medicaid (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn), CMS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò méjèèjì, náà á ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, àárín àyẹ̀wò kan sí èkejì kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 15 lọ.

Níbi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ìwé oògùn tí mo tú sílẹ̀ fún àwọn ti àkọ́kọ́ náà ni mo tún tú fún àwọn ìkejì, bàbá tó yẹ kí n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì lórí bẹ́ẹ̀dì sì ń retí mi. Kí wọ́n pa àyẹ̀wò méjèèjì pọ̀, jàre!

Àmọ́ kí wọ́n rọra. Ní Holyoke, Massachusetts, lọ́dún 2020, sójà àtijọ́ tí kòrónà pa nínú ilé kan ṣoṣo lé ní 70. CMS kò tíì fọwọ́ sí ilé yẹn nígbà náà, ìyẹn ni pé àyẹ̀wò ti CMS kò dé ibẹ̀.